Lẹ́bàá Odò Mosel

Kẹ̀kẹ́ mi ń han bí ọmọ eku.
Irmtraud ní, "Rọra. Odò gan-an kì í sáré níhìn-ín,
ó yà síhìn-ín, ó yà sọ́hùn-ún
bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé."

Òkè dúró ṣánṣán. Àjàrà rọ̀ mọ́ ọn
bí ọmọ tó kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá.
Lókè téńté, ilé olódi kan,
òrùlé ti wó,
kannakánná ló ń jọba níbẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ?"
"Ọkùnrin kan tó ń gbowó ibodè lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀."
Ó bu búrẹ́dì fún mi.
"Mi ò mọ orúkọ rẹ̀.
Àjàrà bàbá mi ṣì ń so."

Ẹsẹ̀ ń ro mí.
Abúlé tó kàn wà lẹ́yìn kọ́nà yẹn, ó ní,
bó ṣe ń wí láti àárọ̀.