Mo Fi Igi Ya Pápákọ̀ Òfurufú Sílẹ̀

Ìyá àgbà, ẹ fi ìdí lé àpótí yín,
kí n fi igi ya ibẹ̀ sílẹ̀ fún yín
lábẹ́ kajú yìí, kí òjò Ògbómọ̀ṣọ́ tó pa á rẹ́.

Ilé náà gùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Tákíè, ẹ fà á dé Sábó,
ẹ wá fi òrùlé kan ṣoṣo bò ó.
Òtútù inú rẹ̀ kì í ṣe ti ọyẹ́;
ẹ wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé tí ẹ fi ń lọ àìsùn.
Aago méjì òru ni kí ẹ ti kúrò nílé,
ọ̀nà Ọ̀yọ́ kò ṣe é bá dá májẹ̀mú.

Ẹ má ki ata lílọ̀ bọ báàgì ọwọ́.
Epo, oyin, àgbo ibà,
ohunkóhun tó bá ti lè ṣàn, ọ̀tá wọn ni.
Láfún kò ṣàn, ṣùgbọ́n ó funfun,
ẹ jẹ́ kí Ìbídùn kọ orúkọ sí i lára,
ojú tí kò jẹ ẹ́ rí lè kà á sí nǹkan mìíràn.

Wọn ó ní kí ẹ bọ́ bàtà. Ẹ bọ́ ọ.
Ẹ gbé e sínú àtẹ aláwọ̀ eérú,
ẹ̀rọ kan á gbé e mì, á lọ pọ̀ ọ́ lódì kejì.
Férémù ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn:
ẹ gba àárín rẹ̀ kọjá.
Bó bá ké, ẹ má jáyà, ẹ kò jalè,
owó wẹ́wẹ́ tí ẹ so sétí ìró ló ń tú yín fó.

Àtẹ̀gùn tó ń rìn ńkọ́?
Ẹ̀yin ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí òun máa gòkè.
Kí ẹ ṣáà ká ìró sókè díẹ̀.

Pátákó dúdú wà lókè, ó ń ṣẹ́jú.
Ẹ kò kàwé, ṣùgbọ́n ta ló lè fi nọ́ńbà rẹ́ yín jẹ,
ẹ̀yin tí ẹ ti ń wọn kajú láti ogójì ọdún?
Mẹ́rìndínlógún ni. Mo ti kọ ọ́ sí yín lọ́wọ́.
Wọ́n lè yí i padà láìsọ fẹ́nì kan,
nítorí náà ẹ wá ẹni tójú rẹ̀ jọ tilé, ẹ tẹ̀ lé e.
Àmọ́ kí ẹ kọ́kọ́ bi í o.
Mo tẹ̀ lé ọkùnrin kan lọ́jọ́ tèmi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń lọ.

Lẹ́yìn èyí, tábìlì gíga kan, gíláàsì níwájú rẹ̀.

Ibí ni igi mi dúró.
Ibi tí mo mọ̀ mọ níbí, Ìyá.
Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan ṣí ìwé mi,
ó ṣí i lẹ́ẹ̀kejì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́,
ó ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Mo ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà dòní.

Kò wí nǹkan kan.
Ó fi ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ta èèrà kúrò lórí tábìlì tí mo yà.
“Lọ́dún tí wọ́n lé wa ní Tàmálè,” ló wá wí,
“ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa.
Mo pọn ìyá rẹ, mo ru ẹ̀rọ ìránṣọ.
Lẹ́nu ibodè, wọ́n béèrè ìwé. Mo ní ìwé wo?
Wọ́n ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Mo sọ ẹ̀rọ kalẹ̀, mo jókòó lé e,
mo fọ́mọ lọ́mú níṣojú wọn.
Nígbà tó dọjọ́ kẹta, ó sú wọn.”

Ó tún ilẹ̀ wò.
“Tábìlì tí o wí yìí, àga wà níwájú rẹ̀?”
Mo ní, rárá o, ìdúró ni.
“Ó dáa,” ó dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ìdí ìró,
“di àpótí yìí mọ́ ẹrù mi.”