Wò

Òtútù Kärdla kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Ó bá Aksel Pihlak wọ yàrá ìwé mi,
bàbá ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, yìnyín lórí fìlà,
tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.
"Àbúrò ìyá mi ni mo ń wá. Maali.
Wọ́n ní omi gbé e lọ
nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́."

Mo gbé ìwé ìbí sílẹ̀. Eruku mú àwa méjèèjì sín.
Maali rèé, ọmọ Juhan tó ń ṣọ́ iná etíkun.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, ní yíǹkì pupa,
lẹ́tà tó kéré bí ẹyin èèrà:
*Wo ìwé èrò ọkọ̀, ojú ewé kọkànlélógún.*

Hilja ló kọ ọ́, akọ̀wé tó ṣáájú ẹni tó ṣáájú mi.
Wọ́n ní obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ ẹni.
Àṣé ìfábẹ̀lá rẹ̀ ló ń bá a sọ ọ́,
tó ń nà láti inú ìwé kan bọ́ sínú òmíràn.
Ọwọ́ ìwé ìbí ò tó pẹpẹ,
ti ìwé òkú ò wọ akèǹgbè;
àfi kí wọ́n máa bẹ ara wọn níṣẹ́.

Ìwé èrò ọkọ̀: Maali wọkọ̀ nínú oṣù kẹwàá,
ó sọ̀ kalẹ̀ ní Haapsalu, òun àti àpótí kan.
Omi gbé e lọ lóòótọ́.
Ó gbé e dé èbúté.
*Wo ìwé gbèsè ṣọ́ọ̀bù oníyọ̀, ojú ewé kẹsàn-án.*

Bàtà òjò kan. Àbẹ́là méjì.
Aṣọ fúláńẹ́ẹ̀lì ọ̀pá mẹ́rin,
irú èyí tí a fi ń wé ìkókó.
Ẹni tó san gbèsè: Liisu, ẹ̀gbọ́n rẹ̀.
Níbẹ̀ ni mo ti ní kí n lọ se tíì.
Bàbá ní tíì lè dúró.
*Wo ìwé ìbí.*

Ìwé àkọ́kọ́ náà ni, ewé mẹ́wàá péré síwájú.
Ọmọkùnrin. Aksel. Ìyá: Liisu.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Liisu, yíǹkì pupa,
kò sí ìwé, kò sí ojú ewé, kò sí nọ́ńbà:
*Wò.*

Ó wò ó.
Nǹkan kan ń wó lójú rẹ̀, kò pariwo.
Ó bèèrè ìgbà tí ọkọ̀ ń padà.
Mo ní aago mẹ́rin. Kò dìde.
Ó ní ṣé mo ní pẹ́ńsù.

Òfin wa ni pé àlejò kì í kọ nǹkan sínú ìwé wọ̀nyí.
Mo fún un ní pẹ́ńsù.
Mo yíjú sí fèrèsé,
mo ń ka àwọn ẹyẹ òkun tó bà sórí òrùlé ilé ẹja,
mo kà á débi mẹ́tàdínlógún,
mo tún un kà.