Pákó Apá kan ní Ìkẹ́rẹ́

Ọdún kẹtàlélógún rèé tó ti fẹ̀yìn ti ògiri ilé ìdáná wa,
pákó apá kan ṣoṣo,
tó ga ju bàbá mi lọ, tó sì dákẹ́ jù ú lọ.
Owó kòkó ló fi rà á lẹ́nu igbó ìjọba,
àmì òòlù àwọn aṣọ́gbó ṣì wà ní ìdí rẹ̀ bí ilà.
Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wálé.
Fálúyì tó wà níwájú ní, “Apá mi ò ká apá yìí mọ́.”
A rẹ́rìn-ín. Kò ṣàwàdà.

“Ẹ jẹ́ kó gbẹ,” ni bàbá mi ń wí.
Apá kì í kánjú gbẹ.
Igi mìíràn a wọ́, a lọ́, a là bí ẹnu òfófó;
òun a kàn máa pọ́n sí i nínú èéfín,
pupa bí ilẹ̀ ẹsẹ̀ Olósùnta lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀.
Ikán jẹ àga, ó jẹ Bíbélì, ó jẹ férémù fèrèsé,
ó dé ọ̀dọ̀ apá, ó tọ́ funfun etí rẹ̀ wò,
ó kan pupa,
ó yà.

Ìyá mi nìkan ni kò fẹ́ràn rẹ̀.
Ó sá bùbá funfun lé e lórí ní Sátidé kan,
ìrì sẹ̀, igi tú ohun tó wà níkùn rẹ̀ jáde,
àwọ̀ bí ìyeyè tó pọ́n.
Ọṣẹ dúdú kò ká a, omi gbígbóná kò ká a.
Ó gbé àpá apá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì léjìká,
kò bá bàbá mi sọ̀rọ̀ títí di Ọjọ́bọ̀.

Bàbá ti lọ. Èmi ọmọbìnrin ni mo jogún ayùn.
Ìlẹ̀kùn onírin láti Adó ni wọ́n ń rà báyìí.
Lánàá mo tẹ́ pákó náà sílẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pọ́n ràǹdá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kú.
Ìṣó kọ̀, àfi ìgbà tí mo fi ìlu lànà fún un.
Eruku wọmú, mo sín, mo tún sín, ojú mi ń ṣomi.
Bí ẹ bá béèrè, eruku ni.

Nírọ̀lẹ́, mo so ó mọ́ ẹnu yàrá ìyá mi.
Kò há, kò yọ, ó pa dé bí ètè.
Ìyá fọwọ́ lé e, ọwọ́ náà pẹ́ níbẹ̀.
“Ìwọ lo ba bùbá mi jẹ́,” ló wí fún ìlẹ̀kùn.
Ó wá ṣí àpótí, ó mú bùbá náà jáde
(n kò mọ̀ pé kò jù ú nù),
ó fi kọ́ sí ìṣó ẹ̀yìn rẹ̀,
ó ní kí n má wulẹ̀ kùn ún lọ́dà.