Ìdáhùn sí Ìwé Alágbàká

Ìwé yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì.
Ẹ ní kí n kọ ojú ewé méjì, èmi wọ́dà tó ti fẹ̀yìn tì,
kí n fi ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ òkèèrè wé tiwa l'Ákùrẹ́.
Mo bu omi mu. Mo wá bírò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti kọ́kọ́rọ́.
Mọ́kànlélógún ló wà lórí òrùka tèmi,
ó wúwo bí ọmọ oṣù mẹ́ta,
ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi sùn sí ìbàdí mi.
Títí dòní, bí mo bá ń rìn lọ sí Ọjà Ọba,
ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi a máa tẹ̀ díẹ̀.

Ọmọ mi Adébùsọ́lá ń tọ́jú aláìsàn ní Nọ́wè.
Ó ní ẹlẹ́wọ̀n kan wà níbẹ̀, apànìyàn ni,
tó ń ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti inú,
tó ń fi ọ̀bẹ gidi gé àlùbọ́sà,
tí wọ́dà sì ń bá a jẹun lórí tábìlì kan náà.
Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti ń mutí ni?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n gbà níbẹ̀
pé àìlè lọ sílé ti tó ìyà fún ọmọ ènìyàn;
ẹni tó bá tún fi ebi kún un, olè ni.

Ọ̀gá wa kan dé Jàpáànù rí.
Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ dán débi pé o lè jẹ iyán lórí rẹ̀,
ṣùgbọ́n ẹlẹ́wọ̀n kò gbọdọ̀ wo ojú ẹnìkejì lẹ́nu iṣẹ́.
Ìmọ́tótó yẹn bà mí lẹ́rù ju ìdọ̀tí tiwa lọ.
Ní Amẹ́ríkà, wọ́n lè dá igba ọdún fún èèyàn,
bí ẹni pé òkú rẹ̀ ni yóò parí èyí tó kù.

Àwa ńkọ́?
Yàrá tí wọ́n kọ́ fún èèyàn méjìlá,
mo ka méjìlélógójì sínú rẹ̀
lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń bọ̀ láti ìhà Ìdànrè.
Ìdajì sùn, ìdajì dúró;
tó bá di agogo kan òru, mo fi kóńdó kan géètì,
wọ́n a pààrọ̀.
Fámuàgún wà láàárín wọn, ọmọ Ìjù,
agbọ̀n kòkó méjì ni wọ́n ló jí.
Kò jẹ̀bi, kò jàre: fáìlì rẹ̀ ló sọnù.
Ọdún mẹ́fà ló fi dúró de fáìlì.
Ká ní wọ́n gbin kòkó ọ̀hún ni, ì bá ti so.

Wọ́n ti kun pátákó ẹnu ọ̀nà lọ́dà tuntun,
wọ́n ní kì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n mọ́, ilé àtúnṣe ni.
Ó dáa.
Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n náà là ń pe ṣéènì lédè wa,
irin la fi sọ ilé yẹn lórúkọ,
ọ̀dà kì í sì í wọ inú irin.
Kí òyìnbó tó kọ́ ọ fún wa,
àwọn bàbá wa a máa gba owó ìtanràn,
wọ́n a lé ọ̀daràn kúrò nílùú,
nígbà mìíràn wọ́n a pa á.
N kò ní purọ́ fún yín pé àná dùn.

Ìmọ̀ràn lẹ fẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ wá fáìlì.
Ẹ rọ epo sí mọ́tò tó ń gbé wọn lọ kóòtù.
Ibùsùn kan fún orí kan.
Lẹ́yìn ìyẹn ká tó máa sọ̀rọ̀ Nọ́wè.

Ó kù ohun kan tí n kò mọ ibi tí màá kọ ọ́ sí.
Fámuàgún wá kí mi lóṣù tó kọjá, l'Ókè-Àró.
Ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀ gbagada.
Ó dúró síta, ó káwọ́ sẹ́yìn,
ó ń retí kí n ṣí i fún òun.
Mo sì dìde. Mo fọwọ́ kan ìbàdí mi,
mo ń wá kọ́kọ́rọ́.