Ẹ̀rọ Orí Sítóòfù Arábìnrin Niemi

Yìnyín ti gba ojú títì nígbà tí mo gun òkè Duluth,
àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, àkàbà lọ́wọ́ òsì.
Arvilla Niemi ṣílẹ̀kùn. Kò kí mi.
Ó ní, "Bọ́ bàtà rẹ." Ó nàka sókè:
"Ó ń tanná. Ó ń yí àwo. Ó ń kùn bí oyin.
Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí mo gbé wọ inú rẹ̀ ní tútù,
ní tútù ni mo ń gbé e jáde."

Máíkíróweefù ọ̀hún jókòó sórí sítóòfù
bí adìyẹ tó sàba lé ẹyin tí kì í pa.
Mo mọ irú wọn, ọdún kọkànlélógún rèé:
èéfín ìkòkò ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń fà,
oúnjẹ inú tiwọn náà ni wọ́n ń gbóná,
iṣẹ́ méjì, owó-oṣù kan.

Mo yọ àwọ̀n abẹ́ rẹ̀.
Yéè! Ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́,
ihò kan ṣoṣo kò là.
"Ìgbà wo lẹ fọ èyí kẹ́yìn?"
Ó wojú fèrèsé, ó wo adágún tó dì gbagidi.
"Eino ló ń fọ̀ ọ́. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù."
N kò bèèrè pé Eino dà.
Fìlà onírun kan ń bẹ lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
eruku ti bo etí rẹ̀ méjèèjì.

Omi gbígbóná, ọṣẹ, ìyẹ̀fun sódà díẹ̀,
mo rì í sínú síńkì, kó máa ronú níbẹ̀.
Àwọ̀n tí kò bá rí èémí, ẹ̀rọ rẹ̀ ni yóò wúkọ́.

Mo fa plọ́ọ̀gì yọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù.
Ó ní, "Ó ti kú. Tú u."
"Rárá o, Màmá. Agolo kan wà nínú rẹ̀
tó ń fi iná pamọ́ sínú.
Ẹ fa wáyà yọ lára ògiri, kò gbọ́;
ẹ paná gbogbo ilé, kò gbà.
Ó lè di mànàmáná rẹ̀ mú síbẹ̀
títí aláìmọ̀kan yóò fi fọwọ́ kàn án."
Ó pẹ́ kó tó fèsì.
"Mo mọ irú ẹ̀," ni ó wí.

Mo fi irin ọlọ́wọ́-rọ́bà tú ẹrù náà sílẹ̀. Fàì!
Mo gbé mítà. Fíúsì pé.
Súwíìṣì ilẹ̀kùn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé.
Ọ̀pá tó ń bí ooru ló ti jóná,
owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun.

Ó di ọ̀rọ̀ ìwọ̀n.
Láti ojú sítóòfù dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù, mo wọ̀n ọ́n:
bí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ bá rẹlẹ̀ jù, ìkòkò gíga kò ní ráyè.
Ìbú ńkọ́? Ọgbọ̀n ínṣì ni ẹ̀rọ ń béèrè.
Lókè, ọgbọ̀n. Nísàlẹ̀, ọgbọ̀n ku ìdámẹ́rin.
Ta ló kan kọ́bọ́ọ̀dù yìí?

A jọ sọ ògbólógbòó náà kalẹ̀, èmi lókè, òun nísàlẹ̀,
ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, apá rẹ̀ kò gbọ̀n.
Ara ògiri lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ti rí pẹ́ńsù:
29, wọ́n fagi lé e.
31, wọ́n fagi lé e lẹ́ẹ̀mejì.
30, wọ́n fa ìlà sábẹ́ rẹ̀,
àti èébú kan lédè Finland
tí Arvilla kọ̀ láti túmọ̀ fún mi.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú,
ó fi ìdí lélẹ̀ lórí páálí irinṣẹ́ mi.

Ó ní, "Má kun ún o."
Mo ní ẹ̀rọ tuntun yóò bò ó.
"Kó bò ó. Ṣáà má kun ún."

Ṣé àwọ̀n tuntun náà ṣe é yọ? Ó ṣe é yọ.
Ó lọ sídìí síńkì, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè,
ó ń fọ àwọ̀n ẹ̀rọ tí a fẹ́ sọ nù.
N kò dá a lẹ́kun.

Iná gáàsì ló gbóná ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà.
A jẹ ẹ́ lóròó, fèrèsé wà ní ṣíṣí nítorí èéfín,
yìnyín sì ń bọ́ sórí sítóòfù díẹ̀díẹ̀.