Ó Pọ́n

Ní ìlú Łódź, nínú ilé iṣẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ti ń rẹ owú láró,
wọ́n kó ẹ̀rọ kúrò, wọ́n kun ògiri ní funfun báláú,
wọ́n wá gbé àwòrán kan ṣoṣo kọ́ sí ọ̀kánkán ilẹ̀kùn.
Kò ní ojú, kò ní imú.
Kò sí igi nínú rẹ̀, kò sí ẹyẹ.
Pupa ni. Pupa láti òkè dé ìsàlẹ̀,
ó ga ju ènìyàn méjì tó gun ara wọn léjìká.

Bogumiła ni wọ́n fi ṣọ́ ọ.
Àga onígi kan, kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, tíì gbígbóná nínú fíláàsì.
"Ẹ má fọwọ́ kàn án."
Ohun tó ń wí láti àárọ̀ nìyẹn.

Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń ka ìwé pélébé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀
kí wọ́n tó gbójú sókè,
bí ẹni ń bèèrè orúkọ bàbá ọmọ kó tó kí ọmọ.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ẹ̀jẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ ní rárá, ìfẹ́ ni.
Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti Kraków wá sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu ẹ̀:
ogun ni, àsíá ni, ìjọba tó wó ni.
Bogumiła mu tíì rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bi í.
Èmi náà, ibi tí ilé ìtura wà ni mo bi í,
pẹ̀lú èdè wọn tó ń tiro lẹ́nu mi.
Ó tọ́ka sí i. Ó wá sọ ìyókù.

Ọdún mọ́kàndínlógún nídìí àgbá aró,
níbi tí àga rẹ̀ wà yìí gan-an.
Lọ́jọ́ pupa, odò ẹ̀yìn ilé á pọ́n,
pẹ́pẹ́yẹ á pọ́n láyà,
ọwọ́ rẹ̀ á pọ́n dé ìgbọ̀nwọ́, ọṣẹ ò ní ràn án.
Ọwọ́ yẹn ló fi ń gé búrẹ́dì fọ́mọ.
Ọwọ́ yẹn ló fi pa ojú ìyá rẹ̀ dé.
Àwọn tó wá bá a kẹ́dùn ń wo ọwọ́, wọn ò lè wo ojú.

Ní èdè tèmi, èso pọ́n, a ní ó tó jẹ.
Ojú pọ́n, a ní ìyà dé.
Mi ò mọ̀ bóyá tiwọn ní irú ẹ̀.

Aago mẹ́fà ku díẹ̀. Òjò dídì ń kan fèrèsé.
Ó pa iná kan, ó pa èkejì.
Pupa ò kú. Ó kàn jinlẹ̀ sí i, bí ẹ̀yinná lábẹ́ eérú.
Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí mi lẹ́yìn òpó.
Ó na ọwọ́ funfun tó ti hunjọ,
ó ku ìbú ìka kan kó kàn án,
ó dá a dúró síbẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ó wí jẹ́jẹ́,
ó sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yíjú, mo rí ojú rẹ̀.
Ó pọ́n.