Ọmọ Alápatà Létí Odò Severn

Èmi ni mo to àga.
Igba àga onírin, lórí koríko tí ìrì ò tíì gbẹ lára rẹ̀,
ní Worcester, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan tí òjò ń bá ara rẹ̀ rò ó
bóyá kóun rọ̀ ni, bóyá kóun máa lọ sílé.

Ẹni tí wọ́n ń yẹ́ sí ti kú tipẹ́.
Ará ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì ni, tó fi yíǹkì kọ orin
sílẹ̀ de ọwọ́ tí wọn ò tíì bí.
Dvořák lorúkọ. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta,
ahọ́n mi fẹsẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀mẹta.
Tamsin tó ń fọn óbò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Mo ní kò burú:
Oyèéjídé ni mí, "Ọ́jì" lẹ̀ ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ.
Bàbá náà á jẹ́ tiwa níbi tó wà.

Afẹ́fẹ́ gbéra lórí odò,
ó ń ṣí ìwé orin síwájú, ó ń ṣí i sẹ́yìn
bí ọmọ tí kò mọ̀wé.
Mo sáré dé ìdí ọkọ̀, mo kó pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ wá,
pẹ́ẹ̀gì tó di ṣòkòtò mi mú lánàá.
Òun ló wá di ọgbọ́n àwọn àgbà mú.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀.
Ọrun wà lọ́wọ́ wọn, ọrùn wọ́n tẹ̀,
ọ̀run ṣú dùdù lórí wọn.
Èmi jókòó ti àpótí fáyólìn, mo ń ka ìwé pélébé tí wọ́n pín.
Ìlà karùn-ún: alápatà ni bàbá rẹ̀.
Mo tún un kà.

Alápatà ni bàbá tèmi náà, ní Ṣakí,
tó ń pọ́n ọ̀bẹ kí àkùkọ tó rántí iṣẹ́ rẹ̀.
Ọ̀bẹ lórí òkúta: ṣìì, ṣìì, ó dákẹ́,
ó fàtàǹpàkò tọ́ ojú rẹ̀ wò, ṣìì.
Ìyẹn lorin tó kọ́kọ́ jí mi láyé.
Mo gbójú sókè. Ọrun ń lọ, ọrun ń bọ̀ lórí okùn,
ogún apá lẹ́ẹ̀kan náà,
wọ́n ń pọ́n nǹkan kan tí mi ò rí.

Òjò sọ ọ̀kan. Ó sọ ìkejì.
Lẹ́yìn náà kò kà á mọ́.
Mista Pritchard, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
bọ́ kóòtù ọrùn rẹ̀, ó fi bo sẹ́lò.
Mo ní, Bàbá, òtútù á mú yín.
Ó ní, igi yìí jù mí lọ;
ẹni mẹ́rin ló ti sin kó tó kàn mí.

Tamsin nìkan ni kò dákẹ́.
Mo gbé agboòjò dúró lórí rẹ̀, apá mi ń gbọ̀n,
ó ń fọn, ojú rẹ̀ dì,
orin náà tín-ín-rín, bí èéfín àdògán ẹnì kan
tó mọ̀ pé àlejò ò ní í wá, tó sì dáná síbẹ̀.
Kò sẹ́ni tó dìde.
Omi ń ṣàn lórí fìlà wọn, wọ́n jókòó.

Nígbà tó parí, mo nu àga.
Mo ka pẹ́ẹ̀gì: ó dín mẹ́ta.

Lálẹ́ mo pe Àdùfẹ́, àbúrò mi.
Mo ní, òkúta tí Bàbá fi ń pọ́n ọ̀bẹ ńkọ́?
Ó ní, Ẹ̀gbọ́n, èwo lẹ tún gbé dé lóru yìí?
Wọ́n ti mọ ọ́n mọ́ ògiri ilé ìdáná, lọ́dún tí Bàbá lọ.
Mo dákẹ́ díẹ̀.
Wọ́n ní ògiri létí.
Mo ní kó lọ gbé tirẹ̀ lé e.